Ọmọ Tó Pẹ́ Kó Tó Jókòó: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Nínú ìpàdé tí a máa ń bá àwọn ìyá ṣe, ọ̀rọ̀ oògùn HIV ni wọ́n máa ń nawọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí èrò bá ti túká, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n máa ń rọra bi wá: ti ọmọ tí kò ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀. A kó díẹ̀ jọ síbí nínú àwọn ìbéèrè náà.

ÌBÉÈRÈ 1: Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́wàá, kò tíì lè dá jókòó. Ìyá ọkọ mi ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn. Ṣé kí n ṣì ní sùúrù?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òótọ́ ni pé ọmọ kì í dàgbà bákan náà, ṣùgbọ́n sùúrù ní ibi tó yẹ kó mọ. Ní nǹkan bí oṣù 2, ọmọ yẹ kó ti máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i. Tó bá fi máa di oṣù 4, ọrùn rẹ̀ yẹ kó ti dúró. Tó bá di oṣù 9, ó yẹ kó ti máa dá jókòó. Tó bá di oṣù 18, ó yẹ kó ti máa rìn. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kó tó wáyé, ọjọ́ tó yẹ kí a bí i ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù rẹ̀.

Bí ara ọmọ bá le gbagidi tàbí tó rọ̀ jù, tí gìrì ń mú un, tàbí tí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ka oṣù kankan mọ́. Ọsibítù ló kàn.

ÌBÉÈRÈ 2: Àwọn kan ní abíkú ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Kí ló ń fà á gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tí a bí i. Ṣé ó ké kíákíá? Bí ìrọbí bá le, tí atẹ́gùn kò dé ọpọlọ ọmọ dáadáa, ó lè fà á. Ibà pọ́njú náà lè fà á. Bí ojú àti ara ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú, ẹ má kàn gbé e sínú oòrùn àárọ̀. Ẹ gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ náà, iná àkànṣe ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, ibà pọ́njú náà á wá le sí i.

Àrùn tó wọ ọpọlọ, àìtó oṣù àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ náà wà níbẹ̀. HIV wà lára wọn. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ.

ÌBÉÈRÈ 3: Báwo ni HIV ṣe ń fà á? Báwo la sì ṣe máa mọ̀?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó pẹ́ kó tó rìn ló ní HIV o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní HIV ló ń pẹ́. Àmọ́ kòkòrò yìí lè wọ ọpọlọ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, kó sì fa ìdàgbàsókè rẹ̀ sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àgbàlagbà ń ṣe kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18, nítorí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá fi ń bá àrùn jà ṣì lè wà lára ọmọ. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ sórí bébà kan fún àyẹ̀wò tiwọn. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, wọn á tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ti já lẹ́nu ọmú.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú? Láìsí oògùn, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó kó o lára ìyá ni kì í lo ọdún 2 láyé. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní South Africa, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2008, fi hàn pé bí ọmọ bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ikú ọmọ ọwọ́ dín kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún.

ÌBÉÈRÈ 4: Bó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣé á rìn?

ÌDÁHÙN: A ò ní purọ́ fún yín. Oògùn máa ń dá ìbàjẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń lé ẹgbẹ́ wọn bá. Ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ lè má padà tán. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má dúró.

Láti ọdún 2021 ni dolutegravir ti ọmọdé, tó ń yọ́ nínú omi, ti ń wọ Nàìjíríà. Aago kan náà ni kí ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń pín oògùn, torí náà, bó bá ti ń tóbi, oògùn rẹ̀ á máa yí. Ẹni tí kò bá lọ fún ìwọ̀n lè máa fún ọmọ ní èyí tí kò tó láìmọ̀.

ÌBÉÈRÈ 5: Kí la lè ṣe nílé?

ÌDÁHÙN: Ó pọ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó sínú bàsíà tí ẹ fi aṣọ tì yí ká, kó máa rí ojú ilé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń le, tó ń gba orí ara wọn, ẹ pọ̀n ọ́n kí ẹsẹ̀ méjèèjì yà sí ìhà yín. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀, ẹ máa ki oríkì rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìdárayá wo ẹ̀yà ara ní ọsibítù á kọ́ yín ní ìyókù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọmọ yìí lẹ́kọ tàbí lágbo. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gbé mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ẹ̀kọ náà ń gbà lọ. Ẹ gbé e jókòó, ẹ lo ṣíbí kékeré, kí ẹ dúró dìgbà tó bá gbé èyí tó wà lẹ́nu mì.

ÌBÉÈRÈ 6: Àbúrò mi ló ní i. Ṣé a lè jọ jẹun?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ jẹun, ẹ jọ sùn, ẹ jọ ṣeré. HIV kì í gba ara abọ́, itọ́ tàbí ìdìmọ́ra ranni. Kódà, ìwọ ni olùkọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀: ohun tí ọmọdé bá rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń fẹ́ ṣe.

ÌBÉÈRÈ 7: Ta ni kí n sọ fún?

ÌDÁHÙN: Ẹni tó wù yín ni. Òfin ọdún 2014 ní Nàìjíríà dáàbò bo ẹni tó ní HIV lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ìyá kan nínú ìpàdé wa máa ń tọ́jú oògùn ọmọ rẹ̀ sínú agolo gààrí. Nígbàkígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá wá kí wọn, ọmọ ò ní lo oògùn títí màmá yóò fi lọ. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé kòkòrò náà tún ti ń pọ̀ lára ọmọ. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kan jókòó ti òun, ó sì sọ fún màmá. Màmá sunkún, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá béèrè pé: "Aago mélòó ni wọ́n ń lò ó?" Lónìí, màmá gan-an ló ń po oògùn náà. Ọmọ náà ti pé ọdún 3, ó ń di bẹ́ǹṣì mú rìn. Kò tíì dá rìn, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń rí bẹ́ẹ̀, a mọ̀. Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ lè fọkàn tán, torí ẹrù yìí wúwo fún ẹnì kan.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tó pẹ́ kó tó jókòó ò tilẹ̀ burú rárá. Ẹ tètè gbé e jáde.