Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Ètò Kọ̀ǹpútà Lórúkọ

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń péjọ láti ṣe ètò tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú u wò, kó sì tún un ṣe, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn kí ẹ tó wá ẹni tí yóò ya àmì fún yín. Ta lẹ ń ṣe é fún? Kí lẹ ṣèlérí fún un? Bí ẹ kò bá tíì fẹnu kò lórí ìyẹn, àwọ̀ tó ń dán kò lè gbà yín.

Ẹ wo Debian, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1993 ni Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, kéde rẹ̀. Ó so orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, mọ́ tirẹ̀, orúkọ sì jáde. Àmì wọn, ìlà pupa tó yípo bí ìkarahun ìgbín, di ọdún 1999 kó tó dé. Ṣùgbọ́n ní 1997 wọ́n ti kọ àdéhùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ètò náà yóò wà lómìnira títí, àwọn kò sì ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Títí dòní, gbangba ni ìwé àṣìṣe wọn wà. Àwọn kan lè ní ìpolówó burúkú nìyẹn. Èmi ò gbà. Oníṣu tó gé orí iṣu kí o lè rí inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lo máa padà sí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Nígbà tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde ní 2004, orí Debian ló kọ́ ọ lé, orúkọ tó sì fún un wá láti inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa: ènìyàn ni aṣọ ènìyàn, bí àwa náà ṣe máa ń wí. Wọ́n wá gbé ìwà tó bá orúkọ mu. Títí di 2011, ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á fi sídì ránṣẹ́ sí i, kò ní san kọ́bọ̀, ibi yòówù kó máa gbé. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ́ tí owó rẹ̀ sì ga, sídì yẹn wọ ilé tí ìpolówó kankan kò lè wọ̀. Ẹni tó gbà á fi sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà mú un dé ọ́fíìsì.

Nítorí náà, owó kékeré tó bá wà lápò ẹgbẹ́, ẹ má fi tẹ pátákó ńlá. Ẹ fi ra fíláàṣì, ẹ fi ṣe ọjọ́ kan ládùúgbò tí ẹ ó máa bá èèyàn gbé ètò náà sórí ẹ̀rọ wọn. Ẹ sì yan ẹni tó ní sùúrù láti dá àwọn àjèjì lóhùn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tí ẹ bú lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní béèrè èkejì.

Ta ló ni orúkọ ètò yín? Ẹ tètè yanjú èyí. Ní 1994, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà lọ fi orúkọ Linux, ìpìlẹ̀ tí Debian àti Ubuntu dúró lé, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bíi tirẹ̀, ó sì wá ń bèèrè owó. Àfìgbà tí wọ́n bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí di 1997 kó tó bọ́ sọ́wọ́ Linus Torvalds tó bí i. Ti CentOS, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó dúró lórí Linux, tún dùn mí jù. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Red Hat ni orúkọ rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n kéde, ní oṣù Kejìlá 2020, pé CentOS Linux 8 tí àwọn èèyàn gbójú lé di 2029 yóò parí ní ìparí 2021. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kó ẹrù wọn, wọ́n wá orúkọ tuntun. Àwọn kan sọ tiwọn ní Rocky Linux, ní ìrántí Rocky McGaugh, olóògbé tó wà lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀. Àwa tí a ń sọmọ ní Babátúndé mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yín sọ́wọ́ àjọ tí kì í wá èrè, bí Debian ti ṣe.

Ohun kan ṣì kù, ó sì sún mọ́ wa. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú ètò Linux, ẹni tó mọ̀ ni kò pọ̀. Ìyá tó ń tẹ̀wé fún aráàlú ń kọ Ṣadé ní “Sade” láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ bá a ṣí kíbọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ètò yín dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí orúkọ tirẹ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò tẹ̀, tàmì-tàmì.