Ẹ Má San Kọ́bọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Kọ́bọ̀ Yín

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, láti Adéwọlé dé Òkèlele, bí ìyá àgbà yín bá fi owó àtijọ́ sílẹ̀ nínú àpótí, ẹ fetí sí mi dáadáa. Àwọn kan wà lórí Facebook àti WhatsApp tí wọ́n ń polówó pé àwọn ń ra irú owó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Owó tó wà ní báńkì yín ni wọ́n ń wá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbé àwòrán kọ́bọ̀ oníhò síta, wọ́n á ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni òyìnbó ń rà á. Ọmọ yín á ya àwòrán ti inú àpótí, á fi ránṣẹ́. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, èsì ti dé: oníbàárà ti wà, ẹ san owó ìwé ẹ̀rí. Ẹ san ìyẹn tán, owó kọ́sítọ́ọ̀mù dé. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kò sówó mọ́ ni nọ́ńbà wọn ò ní lọ mọ́. Níbo lẹ ti rí i rí, ní Ọjà Ọba tàbí ní Ìpàtà, kí ẹni tó wá rajà máa gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà?

Ẹ wo kọ́bọ̀ 1936, ìyẹn pẹ́nì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lójú kan, adé àti orúkọ EDWARDVS VIII ló wà níbẹ̀. Lójú kejì, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ló yí ihò ká. Ọba Edward Kẹjọ kò lo ọdún kan lórí oyè. Ní oṣù Kejìlá 1936 ló fi adé sílẹ̀. Owó rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Oníjìbìtì á sọ ìyẹn fún yín, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò ní sọ ni pé ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ní orí ọba lára, torí náà wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rẹ̀ kí ọba náà tó lọ. Dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Dọ́là díẹ̀!

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ojúlé Numista, kí ó tẹ British West Africa sí i: àwòrán, ọdún, irin tí wọ́n fi rọ ọ́ àti bó ṣe wúwo tó wà níbẹ̀, láti ọ̀nínì títí dé ṣílè. Bí ó bá dé eBay, kí ó má wo iye tí wọ́n kọ sí ọjà lára, torí dídárúkọ iye kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Iye tí wọ́n ti tà á ni kó wò. Ẹni tó bá ní owó ẹyọ, kí ó wá ìwé Jan Hogendorn àti Marion Johnson ti 1986, The Shell Money of the Slave Trade.

Àìwo àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń pani lára lọ́nà kejì pẹ̀lú. Ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, tí wọ́n rọ láàárín 1913 sí 1919, fàdákà ni. Èyí tó dé lẹ́yìn náà, idẹ ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ á ta fàdákà ní owó idẹ, á tún máa dúpẹ́.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ owó àtijọ́ náà. Mo ti rí ṣílè tí wọ́n fi iyanrìn ha títí ojú ọba fi dán bí àwo. Kò sí akówójọ tó máa fọwọ́ kàn án. Dúdú ara rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Owó náírà ńkọ́? Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ka títa náírà, ti bébà àti ti onírin, sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì.

Bí ẹ bá sì ti sanwó fún wọn, ẹ má tijú. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ gba àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, kí ẹ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, tó wà ní Ìlọrin níbí, lónìí.