Àṣẹ àti Ìyọ̀ǹda nínú Yíya Fíìmù Ọlọ́pàá Lẹ́nu Iṣẹ́

Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n Cops, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, ayàwòrán kan àti agbohùnsílẹ̀ kan a máa bá ọlọ́pàá wọ ọkọ̀ ká ìgboro. Ó yẹ kí atúmọ̀ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Àṣẹ ni ọlọ́pàá ń fún wọn láti tẹ̀ lé òun. Ìyọ̀ǹda ni ẹni tí wọ́n yà ń fún wọn láti fi ojú rẹ̀ hàn. Bí kò bá yọ̀ǹda, wọn a sọ ojú náà di bàìbàì.

Àṣẹ kò dípò ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 1999, nínú ẹjọ́ Wilson àti Layne, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé àwọn ọlọ́pàá tí ó mú akọ̀ròyìn wọ ilé onílé rú òfin, bí wọ́n tilẹ̀ ní ìwé-àṣẹ lọ́wọ́. Atúmọ̀ tí ó bá lo “àṣẹ” fún méjèèjì ti fi ẹ̀tọ́ onílé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.