Àpótí ìmọ̀: Nígbà tí Python kò bá rí àfikún tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà
Àṣìṣe ModuleNotFoundError kì í sábà wá láti inú kóòdù fúnra rẹ̀. Ohun tó máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà ni pé Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, tí pip, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń gbé àfikún wọlé, sì ti gbé àfikún náà sínú ọ̀kan nígbà tí Visual Studio Code, ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù, ń lo òmíràn. Àṣẹ print(sys.executable), lẹ́yìn import sys, ni yóò fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ hàn; bí kò bá sì jẹ́ èyí tí a fẹ́, python -m pip install, tó so pip mọ́ Python kan pàtó, sàn ju pip install lásán lọ. Irinṣẹ́ mìíràn tó ń dènà ìdàrúdàpọ̀ yìí ni venv, tó bá Python 3.3 dé ní ọdún 2012: ó máa ń ya fódà àfikún sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fódà náà kò ṣeé ṣí nípò, nítorí pé àdírẹ́sì ibi tí a ti dá a ti wà nínú àwọn fáìlì rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, ó sàn kí a pa á rẹ́, kí a sì tún un dá láti inú requirements.txt, fáìlì tí a to orúkọ àwọn àfikún sí.