Àpótí Ìmọ̀: Detroit, ìlú mọ́tò tí èrò fi sílẹ̀

Ní ọdún 1950, ènìyàn 1,849,568 ni wọ́n kà ní Detroit, ojúko iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2020, ó ku 639,111. Nínú ẹni mẹ́ta tó ń gbébẹ̀ ní 1950, bí ẹnì kan ló kù.

Kí ló fà á?

• Iṣẹ́: Àwọn iléeṣẹ́ kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú àti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀rọ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

• Ẹ̀yà: Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ṣí lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọn kì í ti í fẹ́ ta ilé fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1967 tún dá kún un.

• Owó orí: Ẹni tó ń san án dín kù, ṣùgbọ́n títì àti páìpù omi tí ìlú gbọ́dọ̀ máa tọ́jú kò dín. Ní oṣù keje 2013, ìlú náà lọ sọ nílé ẹjọ́ pé òun ti wọko gbèsè.

Wo ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà: ó kógbá sílé ní 1988, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ fọ́ dànù, ó di ahoro. Iléeṣẹ́ mọ́tò Ford rà á ní 2018, ó tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2024.

Rò ó wò: Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí ìlú tó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé orí iṣẹ́ kan ṣoṣo?