Ẹgbẹ́ Òkùnkùn: Níbo Ló Ti Ṣẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin Ẹdúnàbọ̀n, a fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn yìí. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ n'Ìbàdàn láti tako ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Agbárí òkú àti egungun méjì ni àmì wọn. Kì í ṣe nítorí ìpànìyàn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ní 1972, àwọn kan yapa, wọ́n dá Buccaneers sílẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ìjà ipò dé, ìbọn àti àáké wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, nítòsí wa níhìn-ín, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún.

Kí la rí kọ́? Ẹgbẹ́ tí a kò lè ròyìn fún ìyá wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí á wọ̀ ọ́.