Kí O Tó Da Sìmẹ́ǹtì Àtẹ̀gùn Yẹn

Ìwọ ọmọ mi tó ń kọ́lé, tó ń wakọ̀, tàbí tó ń jókòó sí ọ́fíìsì káńsù ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Àkànrán, sún mọ́ mi. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà kí eegun tó kọ̀ fún mi. Mo kọ́ sẹ́ńtà ìwòsàn kan sí abúlé kan, mo sì gbé àtẹ̀gùn mẹ́rin síwájú rẹ̀ torí pé ó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ni mo rí obìnrin kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú láti kékeré. Ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún gun àtẹ̀gùn mi, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbé ọmọ náà wá gbà, kí ohun tó ṣe ìyá má baà ṣe ọmọ. Ojú tì mí. Torí ọjọ́ náà ni mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀.

1. Òfin ti wà, má sọ pé o kò gbọ́. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀tọ́ àkàndá dù ú. Òfin náà ní kí ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọ̀nà tí ẹni orí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ó fún àwọn ilé tó ti wà nílẹ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 náà sì pé ní oṣù kìíní 2024. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa tí a lẹ́sẹ̀ ni wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí, a ò sì tíì gbọ́n. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀tanú sí àkàndá lè san ₦100,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ni ti ilé-iṣẹ́.

2. Láti ìpìlẹ̀ ni kí o ti rò ó. Àtẹ̀gùn kan sábà máa ń ga tó ínǹṣì 6, méjì rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò káàkiri ayé ni pé bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju ilẹ̀ lọ, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí o máa dà síbẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Mo ti rí èyí tí àwọn kan dà tó dà bí òrùlé, ọ̀kadà nìkan ni wọ́n ń tì gòkè níbẹ̀. Ẹni orí kẹ̀kẹ́ tó bá dán an wò, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀. Tí o bá rò ó kí o tó wa ìpìlẹ̀, ilẹ̀ á gbà ọ́. Tó bá di ìgbà tí o rẹ́ ilé tán, gọ́tà á ti wà níwájú, fẹ́ǹsì á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá máa wá àyè tí kò sí. Ìwọ ọmọ káńsù tó ń buwọ́ lu púláànù, tìrẹ tún le jù: tí o bá fọwọ́ sí èyí tó tàpá sí òfin ìkọ́lé, ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

3. Wọn ẹnu ọ̀nà. Kí àyè rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 32 nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Má gbàgbé ti ilé ìtọ̀, ibẹ̀ la sábà máa ń há mọ́ èèyàn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, torí náà pe ẹni orí kẹ̀kẹ́ kan ládùúgbò kó wá gba ibẹ̀ kọjá kí o tó rẹ́ ẹ.

4. Ìwọ tó ń wa Màíkà tàbí kórópe, má ṣe bí ẹni tí kò rí àkàndá ní etí títì. Dúró pátápátá kí ó wọlé, kí ó sì jókòó dáadáa kí o tó tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Má gba owó ẹrù lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, a kì í sì í gba owó ẹrù lórí ẹsẹ̀ èèyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí o fi ká kẹ̀kẹ́ náà sí búùtù kò ní kí o má jẹun lálẹ́. Àmọ́ tí o bá kọjá lára rẹ̀, ọjọ́ ọjà rẹ̀ lè bọ́ sọnù.

5. Gbogbo àkàndá kọ́ ló ń gun kẹ̀kẹ́. Adití tó jókòó sí sẹ́ńtà ìwòsàn kò ní gbọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń kígbe orúkọ. Àárọ̀ ló dé, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà lọ láìrí dókítà. Kọ nọ́ńbà sí páálí, kí o gbé e sókè kó rí i. Tí o bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò jìnnà: ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977, títì àtijọ́ tó gba Mọ́níyà kọjá ló lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò ríran sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀ sórí. Yanrìn tí o dà síbẹ̀ lánàá láìsọ fún un lè ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

6. Má fi sàráà dí ọ̀nà. A ti mọ́ ọn lára láti rí àkàndá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ká ju náírà sí i, ká wọlé. Inú ilé ni òun náà fẹ́ wọ̀. Òfin 2019 náà tiẹ̀ ka fífi àkàndá ṣagbe sí ẹ̀ṣẹ̀.

7. Má pè é ní ọ̀rọ̀ àwọn kan. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń rìn títí jàǹbá ọkọ̀ fi ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti kọrin tó gba ayé kan, orí rẹ̀ náà ló ti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ojú tèmi náà sì ti ń ṣú. Ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá ọ, ẹnu ọ̀nà tí o bá sì kọ́ lónìí ni wàá gbà wọlé.

8. Bí o bá rí ibi tí kò ní ọ̀nà, má dákẹ́. Òfin gba àkàndá láàyè láti sọ fún ẹni tó ni ibẹ̀ pé ọ̀nà dí, ó sì di dandan kí onítọ̀hún tú u. Bá a kọ ìwé náà, bá a gbé e lọ sí káńsù, kí o tọ́jú ẹ̀dà kan. Tí ilé náà bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, má tiẹ̀ dúró de ìwé. Èmi padà sí sẹ́ńtà yẹn. Àtẹ̀gùn mẹ́rin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn tó 24. Iwájú ilé kò gbà á, ni mo bá ṣẹ́ ẹ sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fi ibi tó tẹ́jú sí àárín fún ìsinmi. Àwọn ará abúlé dá owó sìmẹ́ǹtì. Ọmọ tí obìnrin yẹn pọ̀n lọ́jọ́sí ló ń bá wa pọn omi.